Erin ọmọ ọlọ́mọ tí mo fọ́

Ẹ jẹ́ n tètè jẹ́wọ́ kí ẹlòmíì tó bá mi sọ ọ́. Èmi ni mo fọ́ erin ọmọ yẹn. Ọmọ ọdún 8 o, tó fi bí oṣù kan mọ erin amọ̀, tó fi èékánná fa gbogbo ìhunjọ ara ẹ̀ ní ìlà ìlà, tó tẹ́ etí ẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀, èmi àgbàlagbà wá lọ gbé abọ́ tèmi tí ò tíì gbẹ tán ti erin ẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn ààrò, nígbà tó dòru abọ́ bú gbàù, ó gba ọwọ́jà erin lọ, ó gba etí kan, ó gba ẹsẹ̀ méjì.

Mò ń bọ̀ wá síbẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣe iṣẹ́ láabi yìí ni iléèwé iṣẹ́ ọnà kékeré kan tó wà fún ará àdúgbò, irú èyí tí gbogbo ẹ̀ ò ju yàrá márùn-ún lọ, tó jẹ́ pé yàrá tí wọ́n ti ń jó lọ́jọ́ Túsìdeè náà ni wọ́n máa to àga sí lọ́jọ́ kọ́ńsáàtì, tí ògiri kọ́rídọ̀ sì jẹ́ ibi tí wọ́n ń pàtẹ àwòrán. Ọdún méjì ni mo fi jókòó sí kọ́rídọ̀ yẹn tí mò ń dúró de ọmọ mi obìnrin tó ń kọ́ fáyólììnì. Tẹ́ ẹ bá ti dúró de ọmọ nírú ibẹ̀ rí ẹ ó mọ ohun tí mò ń sọ: ẹnìkan ń wọ́ fáyólììnì bí ilẹ̀kùn tí ò rí òróró, ẹnìkan ń lu ìlù lókè, ẹnìkan ń ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin fún àwọn oníjó, òórùn pẹ́ńtì ń ti yàrá kejì jáde, ẹ̀yin ń tẹ fóònù, ẹ ń ṣe bí ẹni pé ẹ ò gbọ́. Ọjọ́ kan ni ọmọbìnrin tó ń gba orúkọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà wò mí títí, ó ní "Mọ́mì, kíláàsì àwọn àgbà náà wà o, ṣé ẹ ò ní fi àga yìí sílẹ̀ ni?" Mo rẹ́rìn-ín. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e mo ti fi orúkọ sílẹ̀ fún méjì, dùùrù àti amọ̀. Ẹni tó ní òun ò níí wọ odò, ó ti dé ọrùn.

Irú iléèwé báyìí kì í ṣe nǹkan àná sha. Ní Chicago ní Amẹ́ríkà, Jane Addams àti Ellen Gates Starr dá ilé ìrànwọ́ ará àdúgbò tí wọ́n ń pè ní Hull-House sílẹ̀ ní 1889 láàrin àwọn òṣìṣẹ́ tó pọ̀ jù nínú wọn ti ìlú òkèèrè wá, ní 1891 wọ́n kọ́ ilé tí wọ́n ti ń pàtẹ àwòrán kún un, iléèwé orin tẹ̀ lé e ní 1893. Ọdún kan lẹ́yìn ìyẹn Emilie Wagner bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ ní New York, ó ń kọ́ ọmọ àwọn aṣíkiri ní dùùrù àti fáyólììnì, iléèwé yẹn ṣì ń ṣí ilẹ̀kùn títí dòní. Benny Goodman tó di ọ̀gá nínú fèrè tí wọ́n ń pè ní kílárínẹ́ẹ̀tì, nínú ẹgbẹ́ orin àwọn ọmọdékùnrin Hull-House ló ti kọjá nígbà tó wà ní kékeré. Tí wọ́n bá ń sọ ìtàn yìí, Goodman ni wọ́n máa ń dárúkọ ṣáá, ó sì dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn tó jókòó tì í lọ́tùn-ún lósì ni èmi máa ń rò. Àwọn tó fọn fèrè ọdún méjì, tí wọn ò mọ̀ ọ́n fọn rárá, tí wọ́n wá lọ wáṣẹ́ ṣe, tí wọ́n ṣáà ti dúró níwájú èrò lẹ́ẹ̀kan rí kí wọ́n fọn án. Mi ò rò pé wọ́n fi àkókò wọn ṣòfò. Àwọn gan-an ni mo rò pé wọ́n kọ́ ibẹ̀ fún.

Ó dáa, dùùrù. Tíṣà mi kéré sí mi dáadáa, mo lè gbé e pọ̀n nígbà tí wọ́n bí i, síbẹ̀ tí mo bá ti jókòó síwájú dùùrù èmi lọmọdé. Ohun àkọ́kọ́ tó sọ fún mi ni pé "Mọ́mì, ẹ má wo ọwọ́ yín." Oṣù mẹ́ta ló fi sọ ọ́. Ó tún ṣí ikùn dùùrù fún mi lọ́jọ́ kan, mi ò mọ̀ pé ohun tó wà níbẹ̀ tó yẹn, kíì tí ìka ń tẹ̀ jẹ́ 88 lóòótọ́ ṣùgbọ́n okùn tó wà nínú ẹ̀ lé ní 200, torí nóòtì tó pọ̀ nínú ẹ̀ ní okùn méjì tàbí mẹ́ta lápapọ̀, gbogbo wọn sì ń fa irin tó dì wọ́n mú pẹ̀lú agbára tó ju tọ́ọ̀nù 15 lọ. Tọ́ọ̀nù o! Ohun tí mo ti ń gbé ife omi lé lórí láti ọjọ́ yìí. (Kò tún gbà mí láyè mọ́.) Pákó pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn yẹn ló ń gbé ohùn jáde, pákó yẹn sì máa ń mu ọ̀rinrin nínú afẹ́fẹ́, á wú, tí afẹ́fẹ́ bá gbẹ á sún kì, ìdí nìyẹn tí dùùrù tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn ṣe máa ń yẹ̀ fúnra ẹ̀.

Ìṣòro àgbà tó ń kọ́ orin, kì í ṣe ọwọ́ líle bí wọ́n ṣe máa ń wí. Etí wa ni. Etí wa ti ń gbọ́ orin gidi láti ogójì ọdún, ó mọ bó ṣe yẹ kó dún, ọwọ́ ni ò mọ nǹkan kan, torí náà nóòtì kọ̀ọ̀kan tá a bá tẹ̀ ó ti ń dójú tì wá ká tó gbọ́wọ́ kúrò. Ọmọ ọdún 6 ò ní wàhálà yẹn. Bó ṣe ń gún etí lọ bẹ́ẹ̀ ni inú ẹ̀ ń dùn. Shinichi Suzuki, olùkọ́ fáyólììnì ará Jàpáánì, tó kú ní 1998 lẹ́ni ọdún 99, orí nǹkan tó jọ èyí ló gbé gbogbo ọ̀nà ìkọ́ni ẹ̀ kà: ó ní gbogbo ọmọ Jàpáánì ló ń sọ èdè Jàpáánì geerege, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ fi ìwé kọ́ wọn, wọ́n ń gbọ́ ọ, wọ́n ń ṣe é, wọ́n ń ṣì í sọ, ìyá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n tún un sọ, kí ló dé tí orin ò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà yẹn ni wọ́n fi ń kọ́ ọmọ mi, kó gbọ́ orin náà dáadáa kó tó fọwọ́ kàn án, kí òbí sì jókòó sínú kíláàsì. Fáyólììnì ẹ̀ àkọ́kọ́ kéré débi pé mo rò pé ohun ìṣeré ni, torí sáìsì sáìsì ni wọ́n ń ṣe é, ó ń bẹ̀rẹ̀ láti 1/16 tàbí kó tún kéré jù bẹ́ẹ̀, ó ń lọ sí 1/8, 1/4, 1/2, 3/4, kó tó wá di odindi, ọmọ á máa pààrọ̀ ẹ̀ bí bàtà.

Amọ̀ wá ńkọ́. Amọ̀ ni mo fẹ́ràn jù ká má purọ́. Ìyá àgbà kan ló ń kọ́ wa, Màmá ni gbogbo wa ń pè wọ́n, tọmọdé tàgbà wa la jọ wà nínú kíláàsì kan náà lọ́jọ́ Sátidé, tábìlì kan, omi kan, ààpọ́nù ò ju mẹ́fà lọ torí náà ẹ tètè dé. Màmá kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣe nǹkan tó nípọn jù wọ́n á kàn fi ìka tẹ̀ ẹ́, wọ́n á wò yín. Òfin kan ṣoṣo tí wọ́n máa ń tún sọ ni pé kò séyìí tó gbọdọ̀ wọ ààrò tí ò bá gbẹ, bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ sì rèé, ẹ gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín. Ojú lè tàn yín jẹ, ọwọ́ náà lè tàn yín jẹ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò ní tàn yín: tó bá tutù lẹ́rẹ̀kẹ́, omi ṣì wà níkùn ẹ̀. Iná ààrò yẹn, ó ń lọ sí bíi dìgírì 1000, àmọ́ kì í ṣe 1000 ló ń fọ́ ìkòkò tútù, 100 ni. Ibẹ̀ ni omi ti ń di ooru, tó bá sì ti di ooru ó ń fẹ́ àyè tó ju tàtẹ̀yìnwá lọ ní ìgbà tó lé ní 1,500, níbo ló fẹ́ rí i nínú abọ́? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń tọ́jú iná sísàlẹ̀ fún wákàtí bíi mélòó kan kí wọ́n tó jẹ́ kó gòkè. Ìdí nìyẹn náà tí wọ́n fi ní kí ọmọ yẹn gbẹ́ ikùn erin ẹ̀ kó ṣófo, kó sì dá ihò tíńtín sábẹ́ ẹ̀. Ó ṣe é. Gbogbo ohun tí wọ́n ní kó ṣe ló ṣe.

Èmi ni mi ò ṣe é. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìpàtẹ iṣẹ́ òpin táàmù bẹ̀rẹ̀, ìgbà kan péré ni wọ́n máa tún da iná ààrò kó tó dìgbà yẹn, abọ́ mi sì ṣì wà lórí sẹ́ẹ̀fù àwọn tó ń gbẹ. Mo gbé e lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó tutù. Mo ní kò tutù jù. Mo gbé e kúrò lórí sẹ́ẹ̀fù yẹn, mo gbé e sórí ti àwọn tó ti gbẹ, mo wẹ ọwọ́, mo lọ sílé. Bó ṣe rí nìyẹn. Mi ò ní sọ pé mi ò mọ̀.

Lọ́jọ́ kejì ìgbà tí iná tutù tán, Màmá pè mí lórí fóònù, wọ́n ní kí n wá. Wọ́n ò bá mi wí. Wọ́n kàn gbé sẹ́ẹ̀fù ààrò yẹn kalẹ̀ bó ṣe rí, àfọ́kù abọ́ mi kún ibẹ̀ bí ẹni fa pépà ya, erin wà láàrin ẹ̀ ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Wọ́n ní "Ọmọ náà ń bọ̀ láago mẹ́rin." Wọ́n wá jáde. Ẹ̀yin tó ti bẹ ọ̀gá níbi iṣẹ́ rí, tẹ́ ẹ ti bẹ ọkọ, tẹ́ ẹ ti bẹ ọlọ́pàá, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Ẹ lọ bẹ ọmọ ọdún 8 tẹ́ ẹ ba iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́.

Ó dé. Mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè dọ́gba, mo ní "Má bínú, abọ́ mi ló fọ́ erin ẹ, kò tíì gbẹ mo sì mọ̀ pé kò tíì gbẹ." Kò sọ nǹkan kan. Ó wo erin, ó wò mí, ó tún wo erin. Ètè ìsàlẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, mo ní ó ti parí. Ó wá ní "Anti, ẹsẹ̀ ẹ̀ dà?" A bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa á. Àwa méjèèjì lórí eékún, à ń yọ ti erin kúrò lára ti abọ́, tá a bá rí èyí tó ní ìlà ìhunjọ, ti erin ni, èyí tó dán, tèmi ni. Nígbà tá a ṣà á tán ó ní òun fẹ́ kó gbogbo ẹ̀ síbi ìpàtẹ bó ṣe wà yẹn, kí wọ́n má lẹ̀ ẹ́. Mo ní ṣé erin ẹ nìkan? Ó ní rárá o, àti abọ́ yín náà, báwo ni wọ́n ṣe fẹ́ mọ ohun tó ṣe é?

Lébẹ̀ẹ̀lì tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ nìyí: ERIN TÍ ABỌ́ PA. Lábẹ́ ẹ̀: amọ̀, àti abọ́ Anti.

Nítorí ẹ̀ṣẹ̀ mi mo yọ̀ǹda ara mi láti bá wọn gbé àwòrán kọ́. Iṣẹ́ ńlá ni o, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín pé ìṣó àti òòlù náà ni. Àárín àwòrán kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń wọ̀n, kì í ṣe orí ẹ̀, kó wà ní bíi sẹ̀ǹtímítà 150 sílẹ̀, torí ibẹ̀ ni ojú àgbà tó dúró máa ń bọ́ sí, tó fi jẹ́ pé férémù ńlá àti kékeré á jọ wà ní gbọọrọ kan bí orí wọn ò tiẹ̀ dọ́gba. Tàwọn ọmọdé a gbé e wálẹ̀ sí bíi 110. Èyí tí wọ́n fi ọ̀dà olómi kùn sórí pépà ò gbọdọ̀ kojú fèrèsé, oòrùn á fọ̀ ọ́ funfun. Ìjà tó wà níbẹ̀ ni pé ṣé ká ya tàgbà sọ́tọ̀ kúrò lára tọmọdé, àwọn àgbà kan ń fẹ́ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní kì í ṣe nǹkan ọmọdé làwọn ń ṣe. Èmi ní ká dà á pọ̀. A dà á pọ̀, mo sì sọ fún yín, igi tí ọmọ ọdún 5 kan fi ìka ọwọ́ kùn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi tí ẹnìkan nínú wa fi táàmù méjì yà, kò sẹ́ni tó dúró níwájú tàgbà. Ó dùn mí fún un ṣùgbọ́n òótọ́ ni.

Erin la gbé sórí tábìlì àárín. Ibẹ̀ ni èrò pọ̀ sí jù.

Lọ́jọ́ Sátidé ìpàtẹ yẹn náà ni kọ́ńsáàtì. Àwọn tó kéré jù ló máa ń kọ́kọ́ ṣe, kì í ṣe nítorí pé wọ́n rẹwà, nítorí pé wọ́n á ti sùn tó bá di aago méje ni. Ọmọkùnrin kan tó wà ṣáájú mi, ọmọ ọdún 6, jáde tòun ti fáyólììnì 1/8 ẹ̀, ó tẹrí ba bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, ó gbé ọ̀pá lé okùn, okùn kan kàn tú ni, ó ṣe ríìì wálẹ̀. Ara èèyàn ti mú yàrá yẹn gbóná, igi tó ń fún okùn ti yọ̀. Àwa tá a jókòó ò mí. Tíṣà ẹ̀ dìde, kò sáré, ó gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹlòmíì tẹ nóòtì A sórí dùùrù fún un, ìyẹn ohùn tó ń gbọ̀n nígbà 440 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan tí gbogbo ayé fẹnu kò sí, ó ń fún un, ó ń gbọ́ ọ, ó ń fún un, ọmọ náà dúró ó gbé ọ̀pá lé orí bàtà ẹ̀ bí wọ́n ṣe ní kó máa gbé e, ó ń wo àjà ilé. Ó gbà á padà, ó tún tẹrí ba látìbẹ̀rẹ̀! Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, ó sì lù ú já. Ẹ jẹ́ n bi yín, kíláàsì wo lẹ fẹ́ fi kọ́ ọmọ nìyẹn? Wọ́n lè kọ́ ọ ní nóòtì lọ́sẹ̀ 12, wọn ò lè kọ́ ọ ní ìdúró yẹn, àfi kí okùn tú níwájú èrò. Ìyẹn ni mo ṣe máa ń bá àwọn tó ní kọ́ńsáàtì ọmọdé ò dùn ún gbọ́ jiyàn. Ta ló ní wọ́n ṣe é kó dùn ún gbọ́?

Ó kàn mí. Ojú ewé kan ṣoṣo lorin mi o, èyí tí mo ti tẹ̀ nílé ní ọgọ́rùn-ún ìgbà tí mi ò ṣì. Mo jókòó, ìka mi tutù bí amọ̀ tí ò tíì gbẹ, mo bẹ̀rẹ̀, ó ń lọ, ó ń lọ, mo wá gbọ́ tí ẹnìkan wúkọ́ ni gbogbo ẹ̀ bá parẹ́. Parẹ́ bí ìgbà tí wọ́n mú iná lọ. Ní ọ̀rúndún 19 ni Clara Schumann àti Franz Liszt, àwọn ọ̀gá atẹdùùrù, wà lára àwọn tó sọ títẹ dùùrù láìwo ìwé di àṣà, ṣáájú ìyẹn àwọn kan ń wò ó bí ìgbéraga, lójú tèmi kí wọ́n ti fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àmọ́ tíṣà mi ti pín orin yẹn fún mi sí ojúlé mẹ́rin, ó sì ti jẹ́ kí n máa bẹ̀rẹ̀ látojúlé èyíkéyìí láìjẹ́ pé mo ti ìbẹ̀rẹ̀ wá, mo rò pé ó kàn ń fìyà jẹ mí ni. Ìka mi fúnra wọn bọ́ sí ojúlé kẹrin. Mo parí ẹ̀. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Bí mo ṣe jókòó ọmọ mi sún mọ́ etí mi, ó ní "Mọ́mì, ẹ fo ìkẹta." Mo ní panu mọ́.

Ohun kan tó ń bí mi nínú, kí n má gbàgbé: òbí tó máa dìde tí ọmọ tiẹ̀ bá ti ṣe tán. Ẹ ti ya fídíò yín tán, ẹ di báàgì, ẹ gba iwájú èèyàn kọjá, àwọn ọmọ ńlá tó ṣiṣẹ́ jù tó wà lẹ́yìn wá ń tẹ orin fún àga òfìfo. Iléèwé yìí ti rí ọgbọ́n dá sí i, gbogbo ọmọ pátá ló máa jọ kọrin kan níparí, torí náà kò sẹ́ni tó lè mú ọmọ ẹ̀ lọ kó tó di ìgbà yẹn. Ẹni tó ro ìyẹn, orí ẹ̀ pé.

Táàmù tuntun ti bẹ̀rẹ̀. Mo ti mọ abọ́ míì, èyí ò nípọn tó ti tẹ́lẹ̀, ẹnu ẹ̀ ṣe wọ́gọwọ̀gọ díẹ̀ ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ẹ̀. Sátidé tó kọjá mo gbé e lọ síbi sẹ́ẹ̀fù àwọn tó ti gbẹ, mo ti fẹ́ gbé e kalẹ̀ nìyẹn tí mo gbọ́ "Anti, ẹ mú un wá." Ó nawọ́ méjèèjì. Mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e fún un. Ó gbé e lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó pa ojú dé, ó gbé e lé tòsì, ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an. Ó wá gbé e padà fún mi.

"Ó ṣì tutù. Ẹ dá a padà."

Mo dá a padà.